Ímeèlì ilé iṣẹ́ tó ń dákú lemọ́lemọ́: ohun tó yẹ kí oníṣòwò wò kó tó pe oníkọ̀ǹpútà

Ká ní oníbàárà kan fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà 1,000 fún ìparí ọdún. Ó kọ ímeèlì sí atẹ̀wé mẹ́ta ní Ṣómólú, ó ní kí wọ́n sọ iye tí wọn yóò gbà. Méjì dáhùn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lẹ́tà tó lọ sọ́dọ̀ ẹnì kẹta padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì líle kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Oníbàárà kò ní àsìkò àtimáa wá ẹni kiri, ó gbé iṣẹ́ fún ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dáhùn. Ẹnì kẹta wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó, ó ń retí ọjà, kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ kankan ti kọjá lójúde òun. Ibi tí ọ̀rọ̀ ímeèlì ti burú ju ti fóònù lọ nìyẹn. Bí fóònù bá kú, ẹni tó ni ín máa rí i pé ó kú. Ímeèlì lè ti dákú láti ìdájí, kí olówó rẹ̀ má mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tí wọ́n bá wá mọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà ládùúgbò. Ọmọ náà á dé, á pa ẹ̀rọ, á tún un tàn, á yọ ètò ímeèlì kúrò, á tún un fi sí i. Nígbà mìíràn á ní àfi kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, kí òun bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ó gbowó, ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ímeèlì tún dákú. Kì í ṣe pé ọmọ náà jẹ́ gbájúẹ̀ o, ẹsẹ̀ ló ń tọ́jú fún ẹni tí orí ń fọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ìbéèrè kan wà tó gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn: níbo gan-an ni lẹ́tà ti ń dúró?

Ìdí ni pé ímeèlì kì í ti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú òmíràn tààrà. Ní 1971 ni Ray Tomlinson, ọmọ Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, tó sì fi àmì @ sáàárín orúkọ ẹni àti orúkọ ẹ̀rọ. Ní 1982 ni wọ́n gbé òfin ìfiránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SMTP jáde, òun náà ni wọ́n sì ń lò títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́tà á kúrò lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, á lọ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tan tọ̀sán-tòru lọ́dọ̀ àwọn tó ń pèsè ímeèlì. Sáfà yìí á béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ta ló ń gba lẹ́tà fún orúkọ tó wà lẹ́yìn àmì @. Tó bá ti rí ìdáhùn, á gbé lẹ́tà lọ fún sáfà onítọ̀hún, ìyẹn á sì jù ú sínú àpótí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó dà bí ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti gáréèjì. Bí ẹrù tó kúrò ní Ọ̀jọ́ta kò bá dé Òṣogbo, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣọ́ọ̀bù ẹni tó di ẹrù kọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá mọ́tò gbéra, lẹ́yìn náà bóyá ó dé.

Ohun kan wà tó yẹ kó fi oníṣòwò lọ́kàn balẹ̀. Bí sáfà ẹni tó ń gba lẹ́tà bá dákú, sáfà ẹni tó kọ lẹ́tà kì í sọ ọ́ nù. Á tò ó sórí ìlà, á máa padà wá kanlẹ̀kùn. Ohun tí òfin SMTP sọ ni pé kó máa gbìyànjú fún ọjọ́ 4 tàbí 5, ó kéré tán, kó tó jáwọ́. Nítorí náà, bí sáfà bá kú láàárọ̀ tó sì jí nírọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ọjọ́ yẹn ṣì máa wọlé. Wàhálà ńlá ni ìgbà tí sáfà kò kú, tó la ojú sílẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń lé lẹ́tà padà. Ìyẹn kì í dúró de ọ̀la.

Nọ́ńbà tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì líle yẹn ló ń sọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 túmọ̀ sí pé kí wọ́n padà wá: 421 ń sọ pé sáfà kò lè ṣiṣẹ́ báyìí, 452 ń sọ pé kò sí àyè. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 túmọ̀ sí pé kí wọ́n má wulẹ̀ padà wá mọ́: 550 ń sọ pé kò sí àpótí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí pé wọn kò gba lẹ́tà náà, 552 ń sọ pé àpótí ti kún, 535 sì ń sọ fún ẹni tó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò tọ̀nà. Lẹ́tà tó padà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parẹ́ láìkà á. Bẹ́ẹ̀, ìwé àyẹ̀wò aláìsàn gan-an nìyẹn. Bí oníbàárà bá pè pé lẹ́tà òun padà, kí oníṣòwò bẹ̀ ẹ́ kó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú kan ni, ó sì lè gbani lọ́wọ́ ìnáwó ọjọ́ mẹ́ta.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò ju ti fóònù lọ. Kí oníṣòwò pa Wi-Fi ọ́fíìsì lórí fóònù rẹ̀, kó fi dátà tirẹ̀ ṣí ojú ewé ímeèlì rẹ̀ nínú Chrome tàbí èyí tó bá ń lò. Bí ó bá ṣí, tí lẹ́tà tuntun sì wà níbẹ̀, sáfà kò ṣe nǹkan kan, inú ẹ̀rọ ọ́fíìsì tàbí ẹ̀ka íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ni àìsàn wà. Bí kò bá ṣí, kó gbìyànjú ìkànnì mìíràn tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 ló kàn, títí dé ilé ìfowópamọ́ Nàìjíríà ló sì mì. Ẹni tó ń tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ náà kàn ń fìyà jẹ ara rẹ̀ ni. Àwọn ńlá pàápàá máa ń dákú: ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2020, Gmail, YouTube àti ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ Google dáwọ́ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, nítorí pé ètò tó ń dá oníbàárà wọn mọ̀ kò ní àyè tó mọ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, sùúrù nìkan ni oògùn rẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ímeèlì náà ń lọ ó ń bọ̀, tó ń gba lẹ́tà lónìí tí kò gbà á lọ́la, ibi tó yẹ kí oníṣòwò kékeré kọ́kọ́ fura sí ni àyè ìpamọ́. Gmail ọ̀fẹ́ ní gígábáìtì 15, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́tà nìkan ló ń jẹ ẹ́. Àwòrán inú Google Photos àti fáìlì inú Google Drive ń bá a pín in. Láti 2024 wá, àkópamọ́ WhatsApp tó wà lórí fóònù Android náà ti ń wọ inú ìṣírò yìí. Iye oníṣòwò tí kò mọ èyí pọ̀. Obìnrin tó ń ta aṣọ òkè, tó wà nínú gúrúùpù ogún, tí wọ́n ń fi fídíò àríyá àti àdúrà àárọ̀ ránṣẹ́ sí i, àwọn fídíò wọ̀nyẹn lè ti jókòó sórí àyè tí lẹ́tà oníbàárà rẹ̀ ní London yẹ kó gbà. Tí gígábáìtì 15 bá kún, àpótí náà kò ní gba lẹ́tà mọ́, kò sì ní lè fi ránṣẹ́. Ó pa lẹ́tà díẹ̀ rẹ́, ó ṣí fún ọjọ́ méjì, ó tún dì. Ó ní ímeèlì òun ń dákú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó. Kí ó wọ inú ètò WhatsApp, kó yọ fídíò kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kó pamọ́. Lẹ́yìn náà, kó kọ larger:10M sí ibi ìwákiri Gmail, gbogbo lẹ́tà tó wúwo ju mẹ́gábáìtì 10 lọ máa jáde síta. Kó gba èyí tó wúlò sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kó pa ìyókù rẹ́. Ohun tí wọ́n sì máa ń gbàgbé ni pé lẹ́tà tí wọ́n parẹ́ ṣì wà nínú ààtàn Gmail fún ọjọ́ 30, ó sì ń gba àyè níbẹ̀. Àfi kí wọ́n da ààtàn náà nù.

Òṣùwọ̀n mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣèèṣì kọlù. Gmail ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kí ẹnì kan kọ̀wé sí ju èèyàn 500 lọ lójúmọ́. Ẹni tó bá fi ìpolówó ọjà ọdún ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè rí i pé wọ́n ti ìfiránṣẹ́ rẹ̀ pa títí di ọjọ́ kejì. Bákan náà, ọ̀nà IMAP tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń ka Gmail kì í gba ju ìsopọ̀ 15 lọ lẹ́ẹ̀kan náà lórí àpótí kan, ẹ̀rọ kan ṣoṣo sì lè lo méjì tàbí mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ mẹ́fà jọ ń lo àdírẹ́ẹ̀sì kan lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà wọn, kò yẹ kó yà wọ́n lẹ́nu pé ó ń yọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ pé ojú ewé ímeèlì ń ṣí dáadáa nínú Chrome, ṣùgbọ́n tí Outlook inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń há, tó ń pa ara rẹ̀ dé, ó ṣeé ṣe kí fáìlì tó ń kó lẹ́tà sí ti wúwo jù. Outlook máa ń kó lẹ́tà sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pst. Ti ayé àtijọ́, láti ẹ̀yà 97 dé 2002, kò gbà ju gígábáìtì 2 lọ, tó bá sì ti dé ibẹ̀, ó lè bàjẹ́ pátápátá. Ẹ̀yà 2003 àti 2007 gba 20, láti 2010 ó di 50. Ọ́fíìsì tó ti ń kó lẹ́tà jọ láti ọdún mẹ́wàá wá láìpín in sí fáìlì ọdọọdún ń ru ẹrù tó pọ̀. Ohun kejì tó ń ba fáìlì yìí jẹ́ ni iná. Bí NEPA bá múná lọ lójijì nígbà tí Outlook ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, àkọsílẹ̀ náà á já láàárín. Nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, UPS kékeré kan lábẹ́ tábìlì wúlò ju kọ̀ǹpútà tuntun lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ rọrùn. Kí wọ́n tẹ Ctrl mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí Outlook, á béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kó ṣí láìgbé àwọn ètò àlẹ̀mọ́ dání. Bí ó bá dúró dáadáa báyìí, ọ̀kan nínú àwọn àlẹ̀mọ́ náà ló ń gbé e ṣubú, kí wọ́n máa yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dúró, ètò kan wà tó ń bá Outlook wá, SCANPST ni wọ́n ń pè é, òun ló ń tún fáìlì náà ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì ọ̀hún sórí díìsìkì mìíràn. Oníkọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láìṣe ẹ̀dà, kí wọ́n dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ tó háyà sáfà tirẹ̀, tàbí tó gbé e kalẹ̀ sí yàrá kan nínú ọ́fíìsì, yàtọ̀. Ibẹ̀ ni dídákú lemọ́lemọ́ ti wọ́pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni àṣà pípa á kó tún tàn ti ń ṣe ìbàjẹ́ jù. Lóòótọ́, tí wọ́n bá tún un tàn, ó máa ṣiṣẹ́. Mẹ́mọ́rì tó kún ti ṣófo, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè mọ́ ohun tó kún un. Àwọn kan máa ń háyà sáfà kékeré tó ní mẹ́mọ́rì gígábáìtì 1, nítorí owó rẹ̀ kéré, wọ́n á sì kó ìkànnì, ímeèlì àti ètò tó ń pa kòkòrò kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀. ClamAV, tí ọ̀pọ̀ sáfà ímeèlì ń lò láti fi yẹ lẹ́tà wò, lè gba ju gígábáìtì 1 lọ fún ara rẹ̀ nìkan. Nígbà tí mẹ́mọ́rì bá tán, Linux á yan èyí tó ń jẹun jù nínú àwọn ètò, á pa á. Lónìí ó lè pa ClamAV, lọ́la kó pa ibi tí ìkànnì ń kó àkọsílẹ̀ sí. Sí ẹni tó ń wòran, ó dà bí iṣẹ́ àjẹ́.

Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni aago. Kí ilé iṣẹ́ ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ímeèlì dákú sí. Bó bá jẹ́ aago kan náà ni lójoojúmọ́, iṣẹ́ kan wà tí sáfà ń ṣe lásìkò yẹn, bíi ṣíṣe ẹ̀dà ohun tó wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un tàn, nǹkan kan ń kún díẹ̀díẹ̀ ni, yálà mẹ́mọ́rì tàbí díìsìkì. Kò sì wọ́pọ̀ kí sáfà dákú láìkọ ohun tó pa á sínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Kí oníkọ̀ǹpútà ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣáájú àkókò náà, kó tó sọ pé àfi kí wọ́n ra òmíràn.

Ọjọ́ kìíní ọdún 2022 fi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí hàn. Lọ́jọ́ náà, sáfà Exchange ti Microsoft, ẹ̀yà 2016 àti 2019, dá lẹ́tà dúró ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì káàkiri ayé. Lẹ́tà ń tò sórí ìlà, kò lọ síwájú. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì kò já. Ètò tó ń yẹ lẹ́tà wò nítorí kòkòrò ló ń fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ ṣe nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀. Bí ọdún ṣe yí, nọ́ńbà náà di 2,201,010,001, àyè tí wọ́n pèsè fún un kò sì lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Ó kọjá ẹnu agbè, ó ṣubú. Ẹni tó tún sáfà rẹ̀ tàn nígbà ogún lọ́jọ́ náà, ojú kan náà ló máa bá a. Ẹni tó ka àkọsílẹ̀ rí i pé ètò ayẹ̀wò yẹn ló ń kọsẹ̀, kò sì pẹ́ tí Microsoft fi gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde.

Orúkọ tó wà lẹ́yìn àmì @ náà ní ọjọ́ ikú tirẹ̀. Wọn kì í ra orúkọ dòméènì pátápátá, wọ́n ń háyà rẹ̀ lọ́dọọdún ni, yálà .com ni o, tàbí .ng tí NiRA ń bójú tó. Bí owó rẹ̀ bá parí, àwọn sáfà yòókù kò ní mọ ibi tí wọ́n máa gbé lẹ́tà sí mọ́. Kì í sì í kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí pé àwọn sáfà kan ṣì rántí ìdáhùn tí wọ́n gbọ́ tẹ́lẹ̀, oníbàárà kan á ní lẹ́tà òun lọ, ẹlòmíràn á ní tòun kò lọ, fún nǹkan bí ọjọ́ kan tàbí méjì. Kò sẹ́ni tó ga ju èyí lọ. Lásìkò Kérésìmesì 1999, Microsoft gbàgbé láti san dọ́là 35 fún orúkọ passport.com, ibi tí àwọn oníbàárà Hotmail ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ kò rí àpótí wọn ṣí. Ọkùnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, Michael Chaney, ló fi káàdì tirẹ̀ san án kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò.

Nílẹ̀ wa, àléébù tó wà nínú èyí ni pé orúkọ ọmọ tó ṣe ìkànnì ni wọ́n fi forúkọ dòméènì sílẹ̀. Òun ni ìkìlọ̀ ìsanwó ń lọ bá, ó sì lè ti rìnrìn àjò, tàbí kó ti jà pẹ̀lú ọ̀gá. Nígbà mìíràn, àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lábẹ́ dòméènì náà gan-an ni wọ́n fi ń gba ìkìlọ̀, bí orúkọ bá sì ti kú, ìkìlọ̀ náà kò ríbi wọlé. Ìkànnì tí wọ́n ń pè ní WHOIS wà lọ́fẹ̀ẹ́, oníṣòwò lè tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ lónìí, kó rí ọjọ́ tó máa parí. Kó rí i pé orúkọ òun tàbí ti ilé iṣẹ́ òun ló wà lórí rẹ̀, kó sì san ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

Bí ímeèlì bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lemọ́lemọ́, tí wọ́n sì ń tẹ èyí tó tọ̀nà, ó lè jẹ́ ètò àtijọ́ ló fà á. Láti oṣù karùn-ún 2022 ni Google ti dẹ́kun àtimáa gba ọ̀rọ̀ aṣínà lásán lọ́wọ́ àwọn ètò àtijọ́ fún àpótí ọ̀fẹ́, Microsoft sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún Exchange Online ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà tí kò kọ rárá ló ń padà sí i, kó fura pé olè ti wọlé. Kó yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, kó fi ìdánimọ̀ onígbèésẹ̀ méjì sí i. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kó wo ibi ìtọ́sọ́nà lẹ́tà, torí àwọn olè yìí máa ń fi àṣẹ pamọ́ síbẹ̀ pé kí lẹ́tà kan máa lọ sọ́dọ̀ wọn, kí ó sì parẹ́ lójú oníṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́ sanwó, kí wọ́n lè kọ̀wé pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà. Kó yáa fóònù gbogbo oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó lọ́jọ́ náà.

Bí lẹ́tà bá ń lọ, ṣùgbọ́n tó ń bọ́ sínú Spam, ìyẹn kì í ṣe dídákú. Láti oṣù kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti le koko mọ́ ẹni tí dòméènì rẹ̀ kò ní àkọsílẹ̀ SPF tàbí DKIM, tó ń jẹ́rìí pé òun ló ni lẹ́tà. Iṣẹ́ wákàtí kan ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí oníṣòwò bá wá pe ilé iṣẹ́ tó ń pèsè ímeèlì fún un, kó má kàn sọ pé ímeèlì òun kò ṣiṣẹ́. Kó sọ aago tó bẹ̀rẹ̀, bóyá gbígbà ni tàbí fífiránṣẹ́ tàbí méjèèjì, bóyá ó ń ṣí lórí fóònù pẹ̀lú dátà mìíràn, kó sì ka nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà tó padà fún wọn. Kó béèrè iye àyè tó kù nínú àpótí, àti ọjọ́ tí dòméènì máa parí. Kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, kó kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ aago sí. Kó sì rí i pé nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù wà lórí gbogbo rìsíìtì àti ìwé iye owó tó ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá padà lè rí ibi pè sí.